Akólòlò Tó Kọ Oyè Lórin

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kì í lè sọ̀rọ̀ kó lọ gbọọrọ, pàápàá ọ̀rọ̀ tí ètè méjèèjì bá ní láti pàdé kó tó jáde. Bó bá fẹ́ sọ pé "bàtà," ẹ máa rí ètè ẹ̀ tó máa lẹ̀ mọ́ra bí ilẹ̀kùn tí òjò mú wú. Ojú ẹ̀ á pọ́n, iṣan ọrùn ẹ̀ á yọ, àwa tí a dúró níwájú ẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a mí. "Ba... ba... ba..." Bàtà á jàjà jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ á ti wọ tiẹ̀, á ti lọ.

Ẹ mọ òwe tí wọ́n máa ń pa, pé díẹ̀díẹ̀ ni akólòlò á fi pe baba. Màámi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Á ní, "Ẹni tó pa òwe yẹn ò bí akólòlò rí. Ó kàn jókòó síbì kan, ó ń fi ọmọ ọlọ́mọ kọ́gbọ́n ni." Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti wá sọ ọ́ ní Díẹ̀díẹ̀. Òun ò bínú. Ó ní ó sàn ju orúkọ tí tíṣà fún òun nílé ìwé lọ, kò sì sọ èyí tó jẹ́ fún mi títí dòní.

Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, òun ló sì mú mi wọ̀ ọ́. Orí ẹ̀ pé, ìwé tó kà ju tèmi lọ, ó lè wà ní ọ́fíìsì kó máa jókòó sórí àga tó ń yí, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń wá. Ṣé ẹ ti wọ ilé ìfọṣọ ńlá rí? Àwọn ẹ̀rọ tó ń yí aṣọ nínú omi gbígbóná ń ké láti àárọ̀, gbùù, gbùù, gbùù, ooru ń yọ lára ògiri, kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, aṣọ ò tíì gbẹ nìyẹn. Bí mo bá na ìka sókè tí mo yí i, ọ̀gá ń bọ̀ nìyẹn. Níbẹ̀, gbogbo wa la yadi. Ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀ ọ́n jù wá lọ, torí ó ti ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ láti kékeré.

Èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ ń ká aṣọ ibùsùn. Iṣẹ́ èèyàn méjì ni. Òun á di etí méjì mú, èmi náà á di etí méjì mú, a ó jọ gbọ̀n ọ́n kó ró pàá, ká fà á kó le, ká wá rìn pàdé ara wa, kí n gba tọwọ́ ẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ mú ìsàlẹ̀, ká tún padà sẹ́yìn. Báyìí báyìí títí wọ́n á fi pa ẹ̀rọ. Bó bá ń ká a, ó máa ń kùn. Orin kan ni, kò ní ọ̀rọ̀ nínú, òun fúnra ẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Mi ò lè gbọ́ ọ nínú ariwo yẹn, ṣùgbọ́n mo máa ń mọ̀ ọ́n lára aṣọ, bí ọwọ́ ẹ̀ ṣe ń tẹ̀ lé e, tí èmi náà á sì máa tẹ̀ lé e láìmọ̀.

Ẹni tó sún mọ́ wa jù níbẹ̀ ni Ìyá Áyọ́ọ̀nù, obìnrin tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ kóòtù funfun àwọn dókítà. Aláwàdà ni. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ ká jẹun, á pariwo pé, "Díẹ̀díẹ̀, wá bá mi tàkúrọ̀sọ! Má kánjú o, mi ò níbi tí mò ń lọ títí wọ́n á fi sin mí!" Ẹ̀gbọ́n mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Ọkọ obìnrin yìí ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́yìn ọsibítù. Òun ló ń bá gbogbo wa lẹ táyà.

Ní ti ọ̀gá tó ń ṣe olórí orílẹ̀-èdè wa nígbà náà, sọ́jà ni. Wọ́n ní ilé ẹrù ló ń ṣọ́ kó tó gba ìjọba, pé òun ló ń pín bàtà àti kúbùsù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ó ní ká má wulẹ̀ fi oyè kankan pe òun, pé ìránṣẹ́ wa lòun. Ìránṣẹ́! Màámi ní, "Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o." Kò pẹ́, wọ́n ní ká máa pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti di Baba Gbogbo Wa. Ọkọ Ìyá Áyọ́ọ̀nù máa ń sọ ọ́ nídìí táyà pé, "Ìránṣẹ́ lánàá, ẹ̀gbọ́n lónìí, baba lọ́la. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀tunla, ó máa bí àwọn ìyá wa." A máa ń wẹ̀yìn wò ká tó rẹ́rìn-ín.

Oyè wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Odò kún ya wọ ilé àwọn èèyàn, ó wá síbẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì, wọ́n yà á ní fọ́tò. Omi fà fúnra ẹ̀ nígbà tó yá, ó di Ẹni Tó Dá Odò Dúró. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tó fi owó wa kọ́ fún un ní ìwé ẹ̀rí, ó di Dókítà Àgbà. Àwa tí a ń fọ kóòtù dókítà sì mọ̀ pé bí orí bá fọ́ ọ, òkè òkun ló ń gbé e lọ. Ó di Olùgbàlà, Ìyá Áyọ́ọ̀nù ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́ sọ ẹni tó máa gbà wá lọ́wọ́ Olùgbàlà náà. Ó di Ọ̀gágun Tí Kì í Sá. Èmi ṣàkíyèsí ohun kan: bí nǹkan kan bá ti wọ́n lọ́jà, oyè kan ń bọ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tí ọṣẹ tán ní ọsibítù, tá a ń fi eérú fọ aṣọ aláìsàn, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló di Oòrùn Tí Kì í Wọ̀.

Ìlà tí wọ́n ní ká máa tò láràárọ̀ ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Àṣẹ dé pé ní gbogbo ibi iṣẹ́, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ kan gun orí àpótí, kó ka gbogbo oyè náà látorí, láìfo ọ̀kan, kí àwa yòókù sì máa dáhùn pé, "Kó pẹ́ fún wa!" Bó bá kan ẹnì kan lónìí, á kan ẹlòmíì lọ́la. Ọ̀gá wa ló ń bójú tó o, ẹni tá a ń pè ní Ọ̀gá Fèrè torí fèrè tó fi ń pè wá. Kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á, àmọ́ ohun tí ìkà máa ṣe náà ni ojo ń ṣe bí wọ́n bá ń wò ó.

Ọkùnrin tó ń dáná bọ́ílà gun àpótí, ó fi Dókítà Àgbà ṣáájú Olùgbàlà. Wọ́n mú un lọ. Nígbà tó padà dé, ó mọ oyè náà ní àmọ̀dunjú, ṣùgbọ́n kò ní eyín iwájú tó máa fi pè é mọ́.

Ó wá ku díẹ̀ kó kan ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo lọ kí wọn nílé. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ ẹ̀ ti rẹ fún òógùn. Ìyàwó ẹ̀ pọnmọ, ó dúró tì í. Màámi jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ba... ba... ba..."

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Olùgbàlà," ìyàwó ẹ̀ ní. "Ẹ máa padà wá mú Baba tó bá yá."

"Olùgbàlà rọrùn ni?" èmi náà dá sí i. "Ètè ò ní pàdé níbẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ṣé ẹ wá tù wá nínú ni àbí ẹ wá sin wá?"

Màámi ò gbójú sókè kúrò lára ẹ̀wà. "Bó bá sọ pé ba-ba-ba lórí àpótí yẹn, wọ́n á ní ó ń fi Baba ṣẹ̀sín. Wọn ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ohun tá a ti ń rò látàárọ̀ náà ni Màámi sọ jáde yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi fi orí ti ògiri. Màámi gbé igbá ẹ̀wà sílẹ̀.

"O kì í kólòlò bó o bá ń kọrin."

"Màámi..."

"Àní o kì í kólòlò bó o bá ń kọrin. Láti kékeré. Kọ ọ́ lórin. Èyí tó o máa ń kùn kiri ilé yìí ńkọ́? Kò kúkú ní ọ̀rọ̀ nínú."

"Ti... tèmi nìyẹn, Màámi."

"Ọrùn ẹ náà, tìẹ ni."

Láàárọ̀ tó kàn án, ó gun àpótí náà. Mo wo ẹsẹ̀ ẹ̀ torí mi ò lè wo ẹnu ẹ̀. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀, èyí tí mo ti ń mọ̀ lára aṣọ láti ìgbà tí mo ti wọ ibẹ̀, tí mi ò sì tíì fi etí gbọ́ dáadáa rí. Baba Gbogbo Wa yọ jáde bí òróró. Olùgbàlà tẹ̀ lé e. Ẹni Tó Dá Odò Dúró ṣàn bí odò tí kò sí ẹni tó dá a dúró. Ọ̀gá Fèrè ti fi fèrè sẹ́nu, ṣùgbọ́n kò fọn ọ́n. Ó ń wojú gbogbo wa, kò mọ̀ bóyá ọ̀ràn ni àbí ọ̀wọ̀.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀. Ó gbè é. Ó fa "Kó pẹ́ fún wa" sókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó bá orin náà mu wẹ́kú, àwa yòókù sì rọ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀gá Fèrè yọ fèrè lẹ́nu, ó ń pàtẹ́wọ́. A ti bọ́, àbí? Bẹ́ẹ̀ la rò.

Ìròyìn kì í pẹ́ rìn. Àwọn ará rédíò gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n gba orin náà sílẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo ibi iṣẹ́ ló ń kọ ọ́ láàárọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ ọ́, wọ́n ń kọ ọ́ kí ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi kúrò nílé ìfọṣọ, wọ́n dá aṣọ oníbọ́tìnnì góòlù fún un, wọ́n ń gbé e kiri kó máa dá orin níwájú èrò. Bí oyè tuntun bá dé, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n máa gbé e wá, kó wá àyè fún un nínú orin. Àwọn ọ̀gá ńláńlá ń bá a jẹun, wọn ò mọ̀ pé kò lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n na iyọ̀ sí òun. Wọ́n ní ó níwà ìrẹ̀lẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà tó bá wálé, kì í kùn mọ́. Ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní, "Àǹtí, ilé wa ti dákẹ́ jù."

Mọ́tò aláriwo kan wà tí wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ lórí. Níbẹ̀rẹ̀, ìpàdé ló ń pe èèyàn sí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn. Orin ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń tàn sí i sókè lálá, kí ará àdúgbò má bàa gbọ́ igbe ẹni tí wọ́n ń gbé. Ẹni tó bá ti gbọ́ orin náà tó ń sún mọ́ tòsí á ti máa ka ọmọ ẹ̀ nínú ilé.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù ò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Ọ̀sán kan, ó wà lẹ́yìn ọsibítù lọ́dọ̀ ọkọ ẹ̀, ó wọlé lọ bu omi. Ó gbọ́ orin. Ó ní, "Ẹ wá gbọ́ o, orin Díẹ̀díẹ̀ ń bọ̀!" Ó tiẹ̀ gbè é. Ó gbé omi jáde, kẹ̀kẹ́ kan wà ní ìdojúdé nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì ń yí, ọkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ti lọ sọ àwàdà tó máa ń ṣe nídìí táyà fún wọn. Títí dòní, kò sí ẹni tó rí i, kò sí ẹni tó rí òkú ẹ̀.

Ó ní ìgbà tó dópin. Ọ̀gágun Tí Kì í Sá sá. Oòrùn Tí Kì í Wọ̀ wọ bàálù lọ́sàn-án gangan, ó kó ẹrù, ó gbàgbé àwọn oyè ẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n oyè kì í bá olóyè lọ bọ̀rọ̀. Ó ṣì wà lára ògiri lábẹ́ ọ̀dà funfun, bí òjò bá rọ̀ á tún yọjú. Bí ẹnì kan bá parọ́ lóde, wọ́n á ní, "Dókítà Àgbà!" Àwọn ọmọdé sì ń fi orin náà fo okùn lójú títì. Wọn ò mọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ aṣọ oníbọ́tìnnì, ó padà wá béèrè ààyè ẹ̀ nílé ìfọṣọ. Ọ̀gá Fèrè ti sá lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ló wá ń pinnu ẹni tó máa dúró àti ẹni tó máa lọ, Nọ́ọ̀sì Àgbà ló ń darí wọn. Wọ́n pe gbogbo wa sí ibi tá a ń sá aṣọ sí. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí ibòmíì tó máa gba ẹni tí gbogbo ayé mọ ohùn ẹ̀. Ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ wà nílé, Màámi ti dàgbà.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò pariwo.

"Mi ò sọ pé òun ló mú ọkọ mi. Mo mọ àwọn tó mú un. Orin tí mo gbè kí wọ́n má bàa mú Díẹ̀díẹ̀, òun náà ni wọ́n kọ nígbà tí wọ́n ń mú ọkọ mi. Èmi náà gbè é. Ẹ sọ ibi tí mo máa gbé ìyẹn sí fún mi. Mi ò lè máa wo ẹnu ẹ̀ láràárọ̀."

Nọ́ọ̀sì Àgbà yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ṣé o ní ohun tó o fẹ́ sọ?"

Ó bọ́ síwájú. Àwọn aṣọ ibùsùn ń fẹ́ lẹ́yìn ẹ̀.

"Ìyá, mo... mo gbọ́ orin náà lára mọ́tò yẹn kí wọ́n... kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Wọ́n tún gbé oyè míì wá, mo tún... mo tún fi sí i."

"Kí ló dé tó o fi sí i?" Nọ́ọ̀sì Àgbà ní.

"Ẹ̀rù ba... ba... ba..."

Ó há síbẹ̀. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Ó tún ti ń pe baba ẹ̀!" Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn ní, "Ẹ ní kó kọ ọ́ lórin, ó jàre, ká lè tètè lọ jẹun!" Ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lóòótọ́, ẹnì kejì gbà á.

Ẹ gbọ́, mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá gun ohùn yẹn bí ẹni gun kẹ̀kẹ́, èémí kan ni ì bá fi ro gbogbo ẹjọ́ ẹ̀, láti orí eyín ẹni bọ́ílà dé orí ọmọ ẹ̀ tó wà nílé, ì bá rò ó débi pé àwọn tó ń rẹ́rìn-ín á sunkún. Ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó wo ẹni tó ń kùn, ó mi orí.

"Rárá."

Ìyẹn jáde wẹ́rẹ́. Ó wá padà sí ibi tó ti há. "Ba... ba..." Ètè ẹ̀ lẹ̀, ó já, ó tún lẹ̀. Láti kékeré ni mo ti máa ń bá a parí ọ̀rọ̀, ó ti wà lẹ́nu mi, mo gé ahọ́n mi jẹ. Àwọn tó ń kùn rí i pé kò dá wọn lóhùn, ìtìjú mú wọn, wọ́n dákẹ́. Ó ku òun nìkan àti aṣọ tó ń gbá afẹ́fẹ́.

"...ba mí. Ẹ̀rù ba mí, Ìyá. Ẹ̀rù ò ba... ba ọkọ yín."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù fi ìborùn nu ojú.

"O ti sọ ọ́ tán, mo sì ti gbọ́. Òótọ́ ni, ẹ̀rù kì í bà á. Ṣùgbọ́n mi ò lè, Díẹ̀díẹ̀. Mi ò lè."

Wọn ò lé e. Nọ́ọ̀sì Àgbà gbé e lọ sí yàrá ìrẹṣọ, níbi tí aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ àti ẹlẹ́gbin ti ń kọ́kọ́ dé, tí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Ògiri yà á sọ́tọ̀ sí wa, fèrèsé kan ṣoṣo ló wà lára ẹ̀ tí a ń gbé aṣọ gbà. Ọmọbìnrin kan tó ń kánjú jù ni èmi pẹ̀lú ẹ̀ jọ ń ká aṣọ báyìí. Kò sí ẹni tó ń kùn.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí kóòtù dókítà, Ìyá Áyọ́ọ̀nù ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ sójú fèrèsé yẹn. Á gbé e lé e, á yíjú padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìjàǹbá ọkọ̀ ti ṣẹlẹ̀, kóòtù pọ̀ ní àpọ̀jù, ó gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò lè gbé e dórí fèrèsé. Mo ń wò wọ́n láti ibi tí mo wà. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ, torí náà mo gbọ́ ọ.

"Ó wúwo," ó ní.

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ méjèèjì jáde. "Mo ti... mo ti gbá... gbá..."

Obìnrin náà ò jọ̀wọ́ ẹrù náà, kò sì wojú ẹ̀. Ó dúró de ọ̀rọ̀ náà.

"...gbá a mú."

Ó jọ̀wọ́ ẹ̀ fún un, ó sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù.